Èpò Oko gẹ́gẹ́ bí Ibùba Àrùn Fọ́ńgọ́sì Àlìkámà, àti Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ fún Àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Wa

Àlìkámà ni a fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ìlú kan ní ìpínlẹ̀ wa tí a kì í ti í jẹ búrẹ́dì. Apá Àríwá Nàìjíríà ni a ti ń gbin ìwọ̀nba tí a ń rí kórè ní orílẹ̀-èdè yìí, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Kano, Jigawa, Kebbi àti Borno, níbi tí òtútù ọyẹ́ ti bá a lára mu, tí a sì ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èyí tí ó pọ̀ jù ni a ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wọlé. Nítorí náà, àrùn tí ó bá kọlu àlìkámà ní òkè òkun lè kan iye tí a ń ra búrẹ́dì ní ọjà wa.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé bí èpò ṣe ń gba àrùn fọ́ńgọ́sì sílé, tí ó sì ń kó o ran àlìkámà. A ó sì sọ ohun tí àgbẹ̀ tí ń gbin ìrẹsì níhìn-ín lè rí kọ́ nínú rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wa ni pé kì í ṣe oúnjẹ, omi àti oòrùn nìkan ni èpò ń bá ohun ọ̀gbìn dù. Ó tún lè pa àrùn mọ́ láti ọdún kan dé òmíràn.

Kí ni fọ́ńgọ́sì?

Ìbátan ni fọ́ńgọ́sì jẹ́ sí olú tí ń hù nínú igbó, àti sí èbu tí ń hù lára búrẹ́dì tí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Kò lè dá oúnjẹ ṣe fún ara rẹ̀ bí ewéko ti ń ṣe. Ara ohun mìíràn ni ó ti ń jẹun. Irúgbìn rẹ̀ kúnná bíi lẹ́búlẹ́bú, afẹ́fẹ́, òjò àti kòkòrò sì ń gbé e kiri. Nígbà tí a bá kórè tán, tí kò sí ohun ọ̀gbìn lórí ilẹ̀ mọ́, ó yẹ kí ebi pa irú èyí tí ń bá ohun ọ̀gbìn jà. Èpò ni ó ń gbà á sílé ní àkókò náà.

Ìdílé koríko ni àlìkámà, ìrẹsì, àgbàdo àti ọkà bàbà. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé koríko ẹ̀bá oko ni ó sábà máa ń jẹ́ ilé kejì fún àrùn wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù lọ jẹ́ ti igi tí kò bá àlìkámà tan rárá.

Àrùn ìdógùn-ún àti igi barberry

Barberry jẹ́ igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn ará Yúróòpù ń gbìn ṣe ọgbà, tí wọ́n sì ń jẹ èso rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n mú un dání, ó sì di igi tí ń lalẹ̀ hù káàkiri ẹ̀bá oko. Àwọn àgbẹ̀ kíyè sí i pé àlìkámà tí ó bá wà nítòsí rẹ̀ máa ń dógùn-ún: àmì pupa bí irin tí ó ti dógùn-ún yóò bo igi ọkà náà, ọmọ rẹ̀ yóò sì rù. Ní ọdún 1726, Connecticut, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ṣe òfin nípa híhú igi yìí. Kò tíì sí onímọ̀ kankan nígbà náà tí ó lè sọ ìdí rẹ̀.

Ọdún 1865 ni onímọ̀ ará Jámánì kan, Anton de Bary, fi ìdí ọ̀rọ̀ náà hàn. Ilé méjì ni fọ́ńgọ́sì yìí ní. Nígbà tí àlìkámà bá ń gbó lọ, lẹ́búlẹ́bú pupa náà yóò yí padà sí dúdú, yóò sì fara pamọ́ sínú pòròpórò títí òtútù yóò fi kọjá. Lẹ́búlẹ́bú dúdú yìí kò lè ṣe àlìkámà ní nǹkan kan. Ewé barberry ni yóò kọ́kọ́ bà lé; ibẹ̀ ni yóò ti bí irúgbìn mìíràn tí yóò padà sórí àlìkámà. Orí barberry kan náà ni oríṣi fọ́ńgọ́sì méjì ti ń dàpọ̀ tí wọ́n ń bí oríṣi tuntun, èyí tí ó lè borí irú àlìkámà tí a ti yàn nítorí pé àrùn kì í mú un.

Dẹ́ńmáàkì ṣe òfin láti pa igi náà run ní ọdún 1903. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ ńlá tí ó ba oko àlìkámà jẹ́ ní Àríwá Amẹ́ríkà ní ọdún 1916, ìjọba Amẹ́ríkà náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ híhú barberry ní ọdún 1918, iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àrùn náà kò tán pátápátá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ṣì ń gbé lẹ́búlẹ́bú pupa wá láti ìhà gúúsù tí òtútù kò ti pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í tètè dé mọ́, oríṣi tuntun sì dín kù.

Ergot: ọmọ ọkà tí ó di oró

Fọ́ńgọ́sì tí a ń pè ní ergot máa ń wọ inú òdòdó ọkà. Dípò ọmọ ọkà, ohun dúdú bí ìwo kékeré ni yóò yọ jáde, oró sì ni. Ní Yúróòpù ayé àtijọ́, àwọn tí ó jẹ búrẹ́dì tí a fi irú ọkà bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ní ìrora bí iná. Ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn a sì jẹrà. Ó léwu fún màlúù pẹ̀lú.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, koríko kan tí a ń pè ní blackgrass, tí ó máa ń hù láàrin àlìkámà, ni ọ̀kan nínú àwọn tí ń gba àrùn yìí sílé. Koríko náà máa ń yọ òdòdó ṣáájú àlìkámà. Bí àrùn bá ti mú un, oje dídùn kan yóò máa kán láti ara òdòdó rẹ̀. Kòkòrò àti òjò ni yóò gbé oje náà dé ara àlìkámà nígbà tí òdòdó tirẹ̀ náà bá là. Bí a bá gé koríko náà kí ó tó tanná, a ti já okùn àrùn náà nìyẹn.

Àrùn gbòǹgbò tí a ń pè ní take-all

Èyí máa ń wà nínú ilẹ̀, ó ń jẹ gbòǹgbò àlìkámà títí yóò fi dúdú. Ohun tí àgbẹ̀ máa ń ṣe sí i ni pé wọn yóò gbin ohun mìíràn tí kì í ṣe ìdílé koríko, bí ẹ̀wà, sórí ilẹ̀ náà fún ọdún kan. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi koríko sílẹ̀ láàrin ẹ̀wà, ara gbòǹgbò koríko ni àrùn náà yóò ti máa jẹun títí wọn yóò fi dá àlìkámà padà. Ilẹ̀ tí àgbẹ̀ rò pé ó ń sinmi kò sinmi.

Blast: àrùn tí ó fò láti ara koríko

Ní ọdún 1985, ní ìpínlẹ̀ Paraná ní Bràsíl, a rí àrùn kan tí ń sọ orí àlìkámà di funfun kí ọmọ rẹ̀ tó gbó. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2017 fi hàn bí ó ti ṣeé ṣe kí ó bẹ̀rẹ̀: a ti gbin irú àlìkámà kan káàkiri tí kò ní ààbò àbínibí sí fọ́ńgọ́sì tí ń gbé lára koríko ìjẹko ẹran, fọ́ńgọ́sì náà sì rí ọ̀nà wọlé. Àrùn náà dé Bolivia, Paraguay àti Argentina. Ní ọdún 2016 ó dé Bangladesh, níbi tí ó ti kọlu nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún (15,000) hẹ́kítà. Ní ọdún 2018 ó yọjú ní Zambia, ìyẹn ni pé ó ti dé ilẹ̀ Áfríkà.

Ohun tí ó kàn wá

Fọ́ńgọ́sì tí ń fa blast àlìkámà àti èyí tí ń fa blast ìrẹsì, ìran kan náà ni wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oríṣi ọ̀tọ̀ ni ó ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ ìrẹsì lè fi àmì ojú ewé dá a mọ̀: ó gùn, ó ṣóńṣó lórí àti nísàlẹ̀, àárín rẹ̀ rí bí eérú, etí rẹ̀ sì pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Bí ó bá mú ọrùn igi ìrẹsì, orí rẹ̀ yóò ṣẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò sì fúyẹ́.

A kò ní kí ẹ máa bẹ̀rù gbogbo koríko. Gbẹ́gi tí ó ní àmì lójú ewé lè jẹ́ ti oríṣi tí kì í mú ìrẹsì. Èyí tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣọ́ ni ìrẹsì igbó àti ìrẹsì tí ó lalẹ̀ hù lẹ́yìn ìkórè, nítorí pé àrùn tí ń mú ìrẹsì wa ń mú àwọn náà.

Ohun tí àgbẹ̀ lè ṣe

1. Ẹ ro ẹ̀bá oko àti orí ebè pẹ̀lú, kì í ṣe àárín ohun ọ̀gbìn nìkan.

2. Ẹ ro ó kí koríko tó tanná. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

3. Ẹ hú ìrẹsì igbó àti èyí tí ó lalẹ̀ hù kí ẹ tó tún gbìn. Ẹ kó pòròpórò tí ó ní àrùn kúrò lóko.

4. Ẹ má ṣe mú irúgbìn láti inú oko tí àrùn ti wọ̀, kí ẹ sì ṣa ọmọ ìrẹsì igbó kúrò nínú èyí tí ẹ fẹ́ gbìn.

5. Bí ẹ bá fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀gẹ́ pààrọ̀ ìrẹsì lórí ilẹ̀, ẹ ro koríko inú rẹ̀ dáadáa, kí ìsinmi ilẹ̀ lè jẹ́ òótọ́.

6. Ẹ má ṣe da ajílẹ̀ onínáítírójìn ju ìwọ̀n lọ. Ó máa ń fún blast lágbára.

7. Oògùn apakoríko kì í wo àrùn fọ́ńgọ́sì. Kí ẹ tó ra oògùn èyíkéyìí, ẹ fi ewé tí ó ní àmì han òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́ àgbẹ̀ sọ́nà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.

Àgbẹ̀ kan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà oko, èpò tí aládùúgbò fi sílẹ̀ sì lè di àrùn fún ẹni tí ó ro tirẹ̀. A rọ àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn baálẹ̀ pé kí wọ́n jùmọ̀ dá ọjọ́ tí a ó máa ro ẹ̀bá oko ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí òjò ìgbìn tó bẹ̀rẹ̀.