Ṣokoléètì Róbótó fún Ọdún: Bí Ẹ Ṣe Lè Ṣe É Nílé ní Abakpa Nike Láìlo Ààrò

Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, kì í ṣe gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Enugu ló máa ń rí owó ọkọ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá ṣọdún sí Abakpa Nike mọ̀ pé àwọn aládùúgbò á gbé àwo ìrẹsì tàbí okpa wá, àwo ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ padà lófìfo. Ṣokoléètì róbótó tí òyìnbó ń pè ní truffle wà lára ohun téèyàn lè fi dá àwo padà. Kò gba ààrò, bí wọ́n bá sì mú iná lọ, iṣẹ́ ò dúró. Àmọ́ èròjà rẹ̀ wọ́n, ẹni tó bá ṣì í ṣe ti da owó nù.

Irú èyí tó bá wa mu

Ilẹ̀ Faransé ni orúkọ yìí ti wá. Olú kan wà tí wọ́n ń wú lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, tó ń jẹ́ truffle. Ṣokoléètì róbótó tí wọ́n yí nínú ìyẹ̀fun kòkó ló jọ olú tí erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ṣokoléètì yíyọ́ àti kírímù ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ìyẹn ò rọrùn ní Abakpa: ooru ọ̀sán oṣù Kejìlá máa ń ju 30°C lọ, ṣokoléètì á rọ̀, kírímù á sì bàjẹ́ tí kò bá sí fíríìjì.

Ti Brazil ló bá wa mu. Brigadeiro ni wọ́n ń pè é. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé oyè Eduardo Gomes, ọ̀gágun tó díje dupò ààrẹ ní 1945, ni wọ́n fi sọ ọ́. Mílíìkì kíki, ìyẹ̀fun kòkó àti bọ́tà ni wọ́n ń rò pọ̀. Ẹni tó bá ti ṣe baba dúdú rí, iṣẹ́ yìí ò lè ṣàjèjì sí i.

Èròjà fún nǹkan bí 25

- Mílíìkì kíki oníṣúgà, agolo 1 (nǹkan bí 397g)
- Ìyẹ̀fun kòkó, ṣíbí ìjẹun 4
- Bọ́tà, ṣíbí ìjẹun 1, àti iyọ̀ díẹ̀
- Àgbọn rírin, ẹ̀pà gígún tàbí bisikíìtì rírún tí ẹ máa yí i nínú rẹ̀

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì lọ́jà. Agolo tí wọ́n kọ *condensed* sí lára lẹ fẹ́, kì í ṣe *evaporated* tá a fi ń mu tíì. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ po agolo kékeré 2 ti *evaporated* mọ́ ṣúgà ife 1, kẹ́ ẹ sè é lórí iná jẹ́jẹ́ títí á fi ki bí oyin. Èkejì, ìyẹ̀fun kòkó gidi ni kẹ́ ẹ rà. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò, ó máa ń korò. Kòkó mímu bíi Milo ti ní ṣúgà nínú tẹ́lẹ̀; á dùn jù.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ jọ ìyẹ̀fun kòkó sínú ìkòkò, kẹ́ ẹ fi mílíìkì pò ó kó tó dórí iná, kó má baà dì ní kókó.
2. Ẹ fi bọ́tà àti iyọ̀ sí i. Ẹ gbé e ka iná jẹ́jẹ́, ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má lọ dá ẹnikẹ́ni lóhùn níta o, á jóná.
3. Bí ẹ bá fi ṣíbí la àárín rẹ̀, tí ìdí ìkòkò hàn kó tó padà pọ̀, ó ti jinná. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.
4. Ẹ dà á sínú àwo tẹ́ ẹ ti fi bọ́tà pa, kó tutù pátápátá. Ṣúgà gbígbóná máa ń bó èèyàn lára, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.
5. Ẹ fi bọ́tà pa ọwọ́, kẹ́ ẹ ṣù ú róbótó, kẹ́ ẹ yí i nínú àgbọn tàbí ẹ̀pà. Ibí yìí làwọn ọmọ ti lè bá yín ṣe.

Ẹni tí kò fẹ́ dáná rárá lè po bisikíìtì rírún 300g, ìyẹ̀fun kòkó ṣíbí 4 àti agolo mílíìkì kan náà pọ̀, kó sì ṣù ú.

Bó ṣe máa pẹ́ tó

Láìsí fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ dé e dáadáa nítorí èèrà, kẹ́ ẹ sì gbé e kúrò lóòrùn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e fún aládùúgbò, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ẹ̀pà ń yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Kòkó wa ni

Owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó ní Ìbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965. Títí dòní, kòkó ń ti oko Oǹdó àti Ọ̀ṣun lọ sókè òkun. Ní oṣù Kejìlá 2024, tọ́ọ̀nù kan ju 12,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa tó ro oko kòkó ò mọ bí ṣokoléètì ṣe rí lẹ́nu. Bí ọmọ tá a bí sí Abakpa bá ń ṣù ú, ẹ sọ fún un pé ilé baba rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin èso tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.