Omi Lórí Ọ̀pá Kábọ́ọ̀nù

Ní 1928, Ralph Fowler àti Lothar Nordheim ṣàlàyé bí agbára iná mànàmáná tó le púpọ̀ ṣe lè fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn horo bíńtín tó ń gbé iná, jáde láti ara irin tútù. Nígbà tí Erwin Müller ṣe awò asọhun-kékeré-di-ńlá rẹ̀ ní Berlin ní 1936, tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jáde láti ṣóńṣó abẹ́rẹ́ irin ń ya àwòrán sára gíláàsì tó ń tàn, ó hàn pé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó náà ti tó láti yí àwòrán padà.

Ọ̀rọ̀ náà tún jí dìde lẹ́yìn tí Sumio Iijima ṣàpèjúwe ọ̀pá kábọ́ọ̀nù, ọ̀pá oníhò tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ní 1991. Láàrin àwọn tó fa ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde láti ara ọ̀pá yìí, iṣẹ́ Kenneth Dean àti Babu Chalamala ní ilé-iṣẹ́ Motorola ló lárinrin jù: wọ́n rí i pé mólékù omi tó lẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá náà kì í dènà ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, bí ènìyàn ì bá ti rò, ṣe ló ń bá a ṣílẹ̀kùn, tí iná tó ń jáde fi ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mólékù kì í dúró lójú kan. Bó ti ń dé tó sì ń lọ ni iná ń ròkè tó ń rodò, bí iná náà bá sì pọ̀ jù, omi a já kúrò, iná kò sì ní lè pọ̀ sí i bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pá tí wọ́n bá fi ooru fọ̀ mọ́ a máa mú iná tó kéré wá, àmọ́ iná náà a dúró ṣinṣin.