Òkúta mẹ́ta àti amọ̀: Bí àwọn obìnrin Burkina Faso ṣe tún ilé ìdáná wọn ṣe láì ná kọ́bọ̀

Amọ̀, koríko gbígbẹ, ìgbẹ́ màlúù àti omi. Ohun mẹ́rin yìí ni wọ́n ní kí àwọn obìnrin Burkina Faso fi tún ilé ìdáná wọn ṣe ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni máa rà lọ́jà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé orí ohun tí kò gba owó yìí, àwọn àjọ ilẹ̀ òkèèrè ti ná owó àti àkókò lórí ààrò mìíràn tó rẹwà lójú, èyí tí ọ̀pọ̀ obìnrin pa tì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Nígbà tí igi ìdáná di ọ̀wọ́n

Láti ọdún 1968 títí di 1973 ni ọ̀dá òjò fi ba agbègbè Sahel jẹ́, ìyẹn ilẹ̀ tó wà láàárín aṣálẹ̀ Sahara àti àwọn orílẹ̀èdè etíkun bíi Ghana, Benin àti Nàìjíríà. Irúgbìn gbẹ, màlúù kú, àwọn èèyàn sì ń wọ́ lọ sí ìlú ńlá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1973, àwọn orílẹ̀èdè agbègbè náà dá àjọ CILSS sílẹ̀ ní Ouagadougou láti gbógun ti ọ̀dá náà.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni gbogbo ayé ń sọ nígbà náà. Àwọn díẹ̀ ló ń béèrè ohun tí wọ́n máa fi sè é.

Ọ̀kan lára wọn ni Erik Eckholm, olùṣèwádìí ọmọ Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1975, ó kọ̀wé pé ní Niamey, olú ìlú Niger, ìdílé alágbàṣe ń ná bí ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó ń wọlé fún un lórí igi ìdáná nìkan. Ní Ouagadougou, olú ìlú Upper Volta, bí wọ́n ṣe ń pe Burkina Faso nígbà náà, ó ní owó igi wà láàárín ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti rọ gáàsì ní Nàìjíríà lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí kò nílò àlàyé kankan lórí ìyẹn.

Ilé ìdáná tí à ń sọ yìí kò ṣòro láti júwe fún ọmọ Yorùbá. Òkúta mẹ́ta ni, ìkòkò wà lórí wọn, igi wà láàárín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú àgbàlá ni wọ́n ti ń dáná. Tí òjò bá dé, wọ́n á wọ inú ahéré kékeré.

Oúnjẹ ibẹ̀ ni tô, òkèlè tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun jéró tàbí ọkà bàbà rò. Ẹni tó bá ti ro àmàlà fún ogún èèyàn rí mọ agbára tó ń gbà, ìdí ìkòkò wọn sì rí róbótó. Òkúta mẹ́ta ni kì í jẹ́ kó yí. Àwọn àgbà Yorùbá náà ti rí i, àwọn ló ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.

Atẹ́gùn ni ìṣòro rẹ̀. Ó máa ń fẹ́ iná kúrò lábẹ́ ìkòkò, ooru á bá a lọ, èéfín á sì bo ojú ẹni tó ń dáná.

Ààrò ńlá tó wá láti òkèèrè

Lóṣù Kejì ọdún 1976, ilẹ̀ mì tìtì ní Guatemala, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Níbi tí wọ́n ti ń tún ìlú ṣe ni ààrò kan ti gbajúmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lorena, tí wọ́n fi amọ̀ àti iyanrìn mọ, tó ní ojú ìkòkò bíi mélòó kan àti páìpù tí èéfín ń gbà jáde. Òkìkí rẹ̀ kàn. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ó ti dé Senegal, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ban ak Suuf", èyí tó túmọ̀ sí amọ̀ àti iyanrìn ní èdè Wolof. Upper Volta náà ní àwọn ààrò aláàmọ̀ ńlá tirẹ̀.

Lójú àlejò, ilé ìdáná ti di tuntun nìyẹn. Ó ga, ó mọ́, ó dà bíi sítóòfù olójú méjì.

Àmọ́ amọ̀ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ máa ń fa ooru sínú ara rẹ̀ kí ìkòkò tó gbóná. Ojú kejì kì í sábà gbóná tó láti ro tô. Páànù tí wọ́n fi ń ṣe páìpù èéfín, owó ni wọ́n fi ń rà á. Tí ara ààrò bá sì sán, obìnrin tó ni ín gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n.

Èyí tó dun àwọn olùṣèwádìí jù ni ohun tí ìdánwò fi hàn. Nígbà tí wọ́n wọn igi tí ààrò kọ̀ọ̀kan ń jó, àwọn kan lára àwọn ààrò ńlá yìí kò dára ju òkúta mẹ́ta tí ẹni tó mọ iná dá jókòó tì lọ.

Samuel Baldwin, onímọ̀ físíìsì ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní Ouagadougou. Nínú ìwé rẹ̀, "Biomass Stoves", tó jáde lọ́dún 1987, ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àlàfo tóóró tó wà láàárín ìkòkò àti ògiri tó yí i ká. Tí àlàfo yẹn bá fẹ̀ díẹ̀ sí i, ooru á sá lọ. Tó bá fún jù, iná kò ní rí ọ̀nà mí.

Wọ́n padà sórí òkúta mẹ́ta

Ibi tí ọ̀rọ̀ yí padà sí nìyí. Dípò kí wọ́n wó ilé ìdáná àtijọ́, wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tó wà, wọ́n kàn mọ ògiri yí i ká. Èdè Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, "trois pierres améliorées", òkúta mẹ́ta tí wọ́n tún ṣe.

Obìnrin náà á po amọ̀ mọ́ koríko tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ màlúù àti omi, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè jinná dáadáa. Á to òkúta mẹ́ta kó dọ́gba, á gbé ìkòkò tó máa ń lò jù lé e. Lẹ́yìn náà ni á wá máa mọ amọ̀ yí ìkòkò náà ká, á fi àlàfo tí kò ju ìbú ìka ọwọ́ lọ sílẹ̀ fún èéfín. Á gé ẹnu ọ̀nà kan fún igi. Nígbà tí amọ̀ bá ń gbẹ, á máa fi ọwọ́ tútù pa ojú ibi tó bá sán.

Ìkòkò tirẹ̀ gan-an ni òṣùwọ̀n, kò nílò rúlà. Tó bá bàjẹ́, ẹni tó mọ ọ́n ṣì wà nínú ilé. Nínú ìdánwò, ààrò yìí lè dín igi kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ìdílé tó ń ná ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ lórí igi, ìyẹn kì í ṣe owó kékeré.

Sankara sọ iná dídá di ọ̀rọ̀ ìlú

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1983, Ọ̀gágun Thomas Sankara gba ìjọba. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn náà, Upper Volta di Burkina Faso.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ìjọba rẹ̀ ní kí àwọn ọkùnrin lọ ná ọjà, kí wọ́n sì se oúnjẹ fún ìdílé wọn, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú obìnrin ń rí. Ọjọ́ kan kò lè yí ilé padà, àmọ́ ó ṣòro láti rántí ìjọba ológun mìíràn tó rán ọkùnrin lọ sídìí ààrò.

Lọ́dún 1985, ó kéde ìjà mẹ́ta: ìjà lòdì sí iná igbó, sí gígé igi láì gba àṣẹ, àti sí ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ̀ kiri. Ní oṣù Kejì ọdún 1986, ó sọ fún àpérò kan lórí igi ní Paris pé mílíọ̀nù mẹ́wàá igi ni àwọn èèyàn rẹ̀ gbìn láàárín oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àsìkò yìí náà ni ìpolongo fún ààrò alámọ̀ ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí obìnrin kan ń kọ́ èkejì.

Wọ́n pa Sankara ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1987.

Ohun tí amọ̀ kò lè ṣe

Ààrò yìí ní àlébù, kò sì yẹ kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ìkòkò kan ló bá a mu. Ìdílé tó bá ń lo ìkòkò mẹ́ta nílò ààrò mẹ́ta. Òjò máa ń wẹ̀ ẹ́ dànù. Kò sì ní páìpù, nítorí náà èéfín ṣì wà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èèyàn mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé pa lágbàáyé lọ́dún 2020.

Ní ìlú ńlá, àwọn alágbẹ̀dẹ gbé ọgbọ́n kan náà sórí irin, wọ́n ń fi páànù ṣe ààrò tí èèyàn lè gbé kiri, wọ́n sì sọ ọ́ ní "Ouaga métallique". Senegal ní tirẹ̀ gba ọ̀nà gáàsì láti ọdún 1974, pẹ̀lú sílíńdà kékeré àti owó ìrànwọ́ ìjọba. Ó ràn ní Dakar. Àmọ́ nígbà tí owó ìrànwọ́ náà kúrò, èédú padà sínú ọ̀pọ̀ ilé, gẹ́gẹ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nígbàkigbà tí owó gáàsì bá fò sókè, tí àwọn èèyàn á tún máa wá àdògán tí wọ́n ti gbé sẹ́yìn ilé.

Ní àwọn abúlé tí ààrò alámọ̀ náà ṣì wà, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, iṣẹ́ kì í pẹ́ púpọ̀. Obìnrin á gbé ìkòkò kúrò, á po amọ̀ díẹ̀, á rẹ́ ẹ sí ibi tó ti sán. Á gbé ìkòkò padà, á sì ki ìka bọ àlàfo náà yí po, kó lè mọ̀ bóyá ó dọ́gba.