Ìtúnlò ilé àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó: Ilojo Bar àti Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Broad Street

Àwọn ayàwòrán-ilé òde òní máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọgbọ́n tuntun ni kí ilé kan ṣoṣo jẹ́ ibùgbé, ibi òwò àti ibi ìgbafẹ́. Ní Èkó, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti oko ẹrú ní Brazil padà wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ti ń lo ilé báyìí. Ní Water House tó wà ní òpópónà Kákáwá, ẹbí da Rocha ń gbé inú ilé, wọ́n sì ń ta omi kànga wọn fún ará ìlú.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Ilojo Bar ní gbàgede Tinúbú. Nǹkan bí ọdún 1855 ni ẹbí Fernandez kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Casa do Fernandez ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á, ó sì di ogún ẹbí. Ní 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Oyè ni ìjọba fi ilé náà jẹ, kò bá oyè náà wá owó ìtọ́jú. Ògiri ń sán, àjà ń jẹrà, àwọn ajogún sì ń pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ tí iye rẹ̀ ń ga lójoojúmọ́ láàárín àwọn báǹkì àti ilé ìtajà. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, katakata wó o palẹ̀. Òfin tó ka irú wíwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ ṣì wà nínú ìwé lọ́jọ́ náà.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé ko èyí lójú ni Freedom Park. Ní 1882 ni ìjọba amúnisìn dá ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street sílẹ̀. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n wó o ní 1979, ilẹ̀ náà di ààtàn. Theo Lawson ló ya àwòrán ọgbà tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 2010: ilé oúnjẹ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ibi àfihàn iṣẹ́ ọnà. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni orí ìtàgé wà báyìí.

Iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n àfiwé náà kò gún. Ohun tó pọ̀ jù nínú ohun tí àlejò ń rí níbẹ̀ ni wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wó. Ìrántí ilé ni wọ́n tún kọ́. Ìjọba ló sì ni ilẹ̀ náà. Kò sí ajogún kankan tí wọ́n ní láti bá dúnàádúrà, kò sí ẹni tó ń retí ìpín tirẹ̀. Ní Tinúbú, ilé gan-an ló dúró, àwọn tó ni ín sì wà láàyè. Ká ní àdéhùn kan wà tó gbà kí ìsàlẹ̀ ilé náà tún di ilé oúnjẹ, kí apá kan owó háyà máa tún àjà ṣe, kí ìyókù máa bọ́ sọ́wọ́ ẹbí, ilé náà ì bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tí ẹbí Fernandez tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ.