Àwọn ọkùnrin náà ń ní jẹjẹrẹ ọyàn: kò bẹ̀rẹ̀ lónìí



Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa nínú ọjà ní kókó lábẹ́ orí ọmú fún ọdún méjì. Ó ń fi àgbo wò ó bí ẹni ń wo eéwo. Ojú ń tì í láti sọ. Ìgbà tó di egbò ni ìyàwó rẹ̀ tó rí i. Nígbà tí a gbọ́, àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín: "Ṣé ọkùnrin náà ń ní jẹjẹrẹ ọyàn ni?" Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìtàn yìí.

Ó ti pẹ́ tó ti wà. Ní Íjíbítì, ìwé ìṣègùn kan tí wọ́n ń pè ní Edwin Smith, tó ti tó 3,600 ọdún, sọ nípa ọkùnrin tí kókó yọ ní ọyàn rẹ̀. Oníṣègùn náà ní kò sí ìtọ́jú.

Ní 1894, William Halsted ní Amẹ́ríkà kọ nípa iṣẹ́ abẹ ńlá: kí wọ́n gé gbogbo ọyàn, ẹran abẹ́ rẹ̀ àti kókó inú abíyá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà fi gé e bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn 1971, Bernard Fisher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìwádìí hàn pé kò pọn dandan kí wọ́n gé ẹran tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ní 1977, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tamoxifen fún jẹjẹrẹ ọyàn.

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan o. Ara àwọn obìnrin ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí yẹn, nítorí pé nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ọkùnrin kò tó 1. Àwọn ìyá wa ló gba ọ̀nà fún wa.

Àwọn ọkùnrin tó la ẹnu ló tún ràn wá lọ́wọ́. Edward Brooke, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní 1966, ṣe iṣẹ́ abẹ ọyàn méjèèjì. Ní 2003 ó sọ ọ́ ní gbangba. Ní 2019, Mathew Knowles, bàbá olórin Beyoncé, náà sọ tiẹ̀: ẹ̀jẹ̀ kékeré ló rí lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n bá jíìnì BRCA2 tó yí padà nínú ara rẹ̀. Jíìnì yìí, tí wọ́n ṣàwárí ní 1995, máa ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Nítorí náà, ẹ fi ọwọ́ wo àyà yín. Bí kókó bá wà lábẹ́ orí ọmú, tí kò dùn yín pàápàá, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, tàbí tí orí ọmú bá wọ inú, ẹ lọ rí dókítà. Wọ́n á ya fọ́tò ọyàn, wọ́n á sì gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Bí ìyá tàbí àbúrò yín bá ti ní in rí, ẹ sọ fún dókítà.

Bàbá wa ti wà lẹ́nu ìtọ́jú báyìí. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tó bá ń fi ojú tì, kó máa sọ ọ́.