Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní "gel"

Ẹ jókòó, mo ní ìtàn kan fún yín 🧵

Ọjọ́ ìbí àbúrò mi ni. Ó ní fọ́tò tí búlúù bo ojú òun lòun fẹ́, bíi ti pósítà fíìmù Moonlight (2016). Èmi ọ̀gá fọ́tò, mo yọ ọ̀rá búlúù lára òdòdó tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, mo fi wé gílóòbù halogen. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rá fi yọ́ lẹ̀ mọ́ gílóòbù. Gbogbo yàrá ń rùn.

Ni mo bá lọ wádìí: kí làwọn èèyàn ń lò kí ọ̀rá tó dé?

Omi ni o! Ní 1545, ayàwòrán ilé kan tó jẹ́ ará Ítálì, Sebastiano Serlio, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé kí wọ́n bu omi aláwọ̀ sínú ìgò, kí wọ́n gbé àtùpà sẹ́yìn rẹ̀, kí orí ìtàgé lè ní àwọ̀. Tó bá jẹ́ pupa ni wọ́n fẹ́, wáìnì ni. (Wáìnì tá ò tíì rí mu tẹ́rùn.)

Ní àwọn ọdún 1770, de Loutherbourg ń ta aṣọ sílíìkì aláwọ̀ síwájú àtùpà ní tíátà Drury Lane, London.

Ìgbà tó yá ni gelatin dé, ibẹ̀ sì ni "gel" ti wá. Ẹ mọ bí ọbẹ̀ ẹsẹ̀ màlúù ṣe máa ń dì tó bá sun ìdí ìkòkò mọ́jú? Òun náà nìyẹn. Wọ́n á se awọ àti egungun ẹran, wọ́n á fi aró sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ kó gbẹ. Omi kán sí i, ó bàjẹ́. Iná pẹ́ lára rẹ̀, ó gbẹ, ó fọ́. Kì í ṣe èmi nìkan! Polyester àti polycarbonate ni wọ́n fi ń ṣe é báyìí.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù rèé: gel kì í fi àwọ̀ kún iná. Àwọ̀ yòókù ló ń gbé mì. Gel búlúù tó ki máa ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná mì. Awọ ara tiwa náà, pupa ló ń dá padà jù, búlúù ló ń gbé mì jù. Ẹ ò rí i pé ìgbà méjì ni iná ti dínkù. Onífọ́tò kan ti sọ fún mi rí pé mo "dúdú jù" fún irú fọ́tò yẹn. Irọ́ ni. Iná rẹ̀ ni kò tó.

Mo ra gel gidi, mo fi kún iná, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè máa dán létí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àbúrò mi ti fi ṣe DP.