Ta Ló Yẹ Kó Fọ Pùbẹ́lì? Ìtàn Garawa Ìdọ̀tí Láti Paris Dé Àjàṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní àgbàlá wa. Ọkọ̀ akódọ̀tí dé, wọ́n da ohun tó wà nínú pùbẹ́lì sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Garawa ṣófo, ṣùgbọ́n omi dúdú ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, eṣinṣin bò ó, ìdin ń rìn létí rẹ̀. Àwọn kan ní mèrí ló yẹ kó fọ̀ ọ́, torí a ń san owó fún ìlú. Àwọn mìíràn ní ẹni tó da ìdọ̀tí síbẹ̀ ni kó fọ̀ ọ́. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà àwọn bàbá wa, kò sí pùbẹ́lì. Ààtàn ló wà. Ní ìdájí, àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ á gbá ilẹ̀, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n tàbí igbá tó ti fọ́, wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Kí ló wà nínú rẹ̀? Eérú, èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, àfọ́kù ìkòkò. Adìẹ àti ewúrẹ́ á jẹ èyí tí wọ́n lè jẹ, òjò á sọ ìyókù di ilẹ̀dú tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ẹ̀gbin. Agbọ̀n jẹ́ ti ilé, ilé ló sì ń gbọ̀n ọ́n nù. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ta ni kó ṣe é.

Ìbéèrè náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìlú kún, tí ẹ̀yìn ilé ẹnì kan di ojúlé ẹlòmíràn. Ohun tó bọ́ sí Paris nìyẹn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ibẹ̀ náà sì ni orúkọ pùbẹ́lì ti wá.

Orúkọ ènìyàn ni. Eugène Poubelle, tí wọ́n bí ní ìlú Caen lọ́dún 1831, jẹ́ olùkọ́ òfin kó tó wọ iṣẹ́ ìjọba. Lọ́dún 1883, wọ́n fi í ṣe préfet ẹkùn Seine. Paris kò ní mérè nígbà náà, préfet yìí ló ń ṣàkóso ìlú. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ń da ìdọ̀tí sí lálẹ́, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin á wá kó o láàárọ̀. Ìlú náà kò tíì gbàgbé àrùn onígbáméjì tó pa iye tó lé ní 18,000 ènìyàn níbẹ̀ lọ́dún 1832.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1883, Poubelle fọwọ́ sí àṣẹ kan: kí gbogbo onílé pèsè garawa tó ní ìdérí fún àwọn ayálégbé wọn. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1884 ni àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tún fẹ́ kí wọ́n ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀: ohun tó ń jẹrà lọ́tọ̀, bébà àti àkísà lọ́tọ̀, àfọ́kù ìgò, àfọ́kù àwo àti ìkarahun lọ́tọ̀. Ìyàsọ́tọ̀ yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n garawa dúró.

Inú onílé kò dùn, torí òun ni yóò ná owó. Inú àwọn tó ń ṣọ́ ilé kò dùn, torí iṣẹ́ wọn pọ̀ sí i. Àwọn tó bínú jù ni àwọn tó ń ṣa àkísà àti egungun nínú ìdọ̀tí kí wọ́n lè rí oúnjẹ jẹ. Ìdérí garawa ti oúnjẹ mọ́ wọn. Lẹ́yìn ariwo, wọ́n gbà kí wọ́n máa da garawa sórí aṣọ, kí wọ́n ṣà á kí kẹ̀kẹ́ tó dé. Àwọn oníwèé ìròyìn fi préfet náà ṣẹ̀sín, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe àpótí ìdọ̀tí. Nígbà tó di ọdún 1890, orúkọ náà ti wọ inú ìwé atúmọ̀ èdè Faransé.

Ohun tó kan ẹjọ́ wa nìyí. Nínú ètò Poubelle, iṣẹ́ pín sí méjì. Ìlú ni yóò kó ìdọ̀tí lọ. Onílé ni yóò ra garawa, òun náà ni yóò sì rí i pé ó mọ́ nínú àti lóde, kó má baà máa rùn nígbà tó bá ṣófo.

Ọdún 1883 yẹn kan náà ni àwọn Faransé padà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Àjàṣẹ́, nígbà Ọba Toffa. Lọ́dún 1904, wọ́n gbé àṣẹ ìlera kan jáde fún gbogbo ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn aláṣẹ ń wọ ilé, wọ́n ń yẹ ìkòkò omi wò bóyá ọmọ ẹ̀fọn wà níbẹ̀, wọ́n sì ń bu owó ìtanràn. Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ní irú wọn lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wolé-wolé ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, àdúgbò òyìnbó ló kọ́kọ́ rí kẹ̀kẹ́ akódọ̀tí. Owó ìtanràn ló kọ́kọ́ dé àdúgbò tiwa. Kò yani lẹ́nu pé títí di òní, bí ìjọba bá sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, ọ̀pọ̀ wa á rò pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà.

Ní Benin, òfin 97-029 tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ló gbé iṣẹ́ yìí lé mèrí lọ́wọ́. Ẹ wo ọjọ́ náà: ó pé ọdún 115 gẹ́lẹ́ tí garawa Poubelle bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kíkó ìdọ̀tí ilé àti bíbójútó o lẹ́yìn tí a bá kó o ni òfin náà dárúkọ. Fún ọdún púpọ̀, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tó ń ti kẹ̀kẹ́ láti ilé dé ilé ló ń ṣe é, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń sanwó fún wọn lóṣooṣù. Lọ́dún 2018, ìjọba dá ilé-iṣẹ́ SGDS sílẹ̀ fún Kútọnu, Àjàṣẹ́, Abomey-Calavi, Ouidah àti Sèmè-Podji.

Èrò tiwa rèé. Kí ilé máa fọ pùbẹ́lì ilé. Bí mèrí bá ní kí ọkọ̀ dúró lójúlé kọ̀ọ̀kan láti fọ garawa, omi, epo ọkọ̀ àti owó òṣìṣẹ́ tí yóò bá a lọ yóò pọ̀. Àdúgbò tí ọkọ̀ kò tíì dé rí ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. A mọ̀ pé omi kò rọrùn fún gbogbo ènìyàn, àwọn kan ń ra tiwọn ní korobá. Ṣùgbọ́n omi tí a fi ṣan aṣọ tó láti ṣan garawa. Eérú tí a bá wọ́n sísàlẹ̀ rẹ̀ yóò fa omi mu. Bí a bá sẹ́ omi ọbẹ̀ kúrò lára oúnjẹ tó ṣẹ́kù kí a tó dà á nù, òórùn á dín kù.

Mèrí náà ní tirẹ̀. Garawa ńlá tó wà lójú títì àti lẹ́nu ọjà kì í ṣe ti ilé kankan. Bí mèrí kò bá fọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò fọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ wá lọ́jọ́ tó yẹ kó wá, torí kò sí ọṣẹ tó lè bá èyí tó jẹrà fún ọ̀sẹ̀ méjì nínú ooru jà. Kí àwọn ọmọ tó ń gbé garawa náà ní ìbọ̀wọ́, torí ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ ń kan ohun tí a kò fọ̀. Kí wọ́n sì ran arúgbó tó ń dá gbé lọ́wọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ ilé kò lè gbé ìdọ̀tí dé ibi tí wọ́n ń kó o lọ, ọwọ́ mèrí kò sì lè wọ gbogbo àgbàlá. Bí a bá ń jiyàn lórí iṣẹ́ tó jẹ́ tilé, a ò ní ráyè bi mèrí léèrè èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ní Pobẹ́, ní Ṣakété, ní Kétu, ta ló ń fọ̀ ọ́ ní àdúgbò yín? Ọjọ́ wo sì ni ọkọ̀ wá kẹ́yìn?